Bíńgò ajá mi ti di ọmọ ọdún 11, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́: ṣé kí n ra oúnjẹ tó ní glucosamine?

Tíṣà Ìkéré

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ẹ̀yin tó ń sin ajá. Ìkéré-Èkìtì ni mo wà, lẹ́bàá òkè Olósùnta. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, àwọn ọmọ sì wà l'Ékòó àti l'Ábújá. Èmi àti Bíńgò la jọ ń gbélé. Alsatian ni bàbá rẹ̀, ajá ilé wa níbí ni ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo ti ń kíyè sí i. Bó bá jí láàárọ̀, ọwọ́ iwájú ló kọ́kọ́ ń fi dìde, á dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó wọ́ ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Á tiro yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mejì kí ẹsẹ̀ tó nà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń tọjà bọ̀, ojú ọ̀nà ló ti ń pàdé mi. Ní báyìí, ìrù ló fi ń kí mi láti ibi tó sùn sí. Ó ń dùn mí gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dé ṣọ́ọ̀bù kan l'Ádó tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ajá. Ọmọkùnrin ibẹ̀ gbé àpò kan wá, wọ́n ya ajá arúgbó sí i lára, wọ́n kọ glucosamine àti chondroitin sí i gàdàgbà. Ó ní yóò tún oríkèé rẹ̀ ṣe. Àpò kan á gbé ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìfẹ̀yìntì mi lọ. Bó bá máa ṣiṣẹ́, mo ṣe tán láti san án. Aládùúgbò mi ní kí n má wulẹ̀ náwó, kí n máa fi ibuprofen tí èmi fúnra mi ń lò fún orúnkún sínú oúnjẹ rẹ̀. Mi ò tíì ṣe é. Kí lẹ rí sí i?

Mo fẹ́ gbàgbé: iyán ló ń jẹ jù. Bí a bá ti gúnyán, òkèlè tirẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi ọbẹ̀ àti egungun. Bó bá gbọ́ ìró odó báyìí, ibi yòówù kó wà, á dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Dókítà Ẹran Adó

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú Bíńgò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má fún un ní ibuprofen, ẹ má sì fún un ní diclofenac. Ara ajá ò lè gbà á bíi tiwa. Ó ń dá ọgbẹ́ sí wọn nínú, ó sì ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Wọ́n ti gbé ajá tó ń bi ẹ̀jẹ̀ wá bá mi rí nítorí oògùn tí olówó rẹ̀ fún un tìfẹ́tìfẹ́. Oògùn ìrora tí wọ́n ṣe fún ajá wà, irú carprofen, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì wọ̀n ọ́n, kó tó fún un.

Ó kan àpò yẹn. Glucosamine àti chondroitin wà nínú egungun bísíkíìtì tó bo orí egungun níbi tí méjì ti pàdé, tí wọn ò fi ń ha ara wọn. Èrò àwọn tó ń tà á ni pé bí ajá bá ń jẹ ẹ́, á máa dí èyí tó ti jẹrà. Ìdánwò kan sọ pé ó ṣiṣẹ́, òmíràn sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Montreal ní Kánádà kó ọ̀pọ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jọ, ti ajá àti ti ológbò, wọn ò sì rí iṣẹ́ tí glucosamine àti chondroitin ń ṣe. Èyí tí wọ́n rí tó ṣiṣẹ́ ni omega-3, ìyẹn ọ̀rá inú ẹja, torí ó máa ń jẹ́ kí oríkèé tó wú rọlẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá máa ra àpò, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Iye EPA àti DHA, ìyẹn omega-3 inú ẹja, ni kẹ́ ẹ wá.

Ṣùgbọ́n iyán tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló mú mi dúró. Kílò mélòó ni Bíńgò? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló ń ru gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1987, wọ́n mú ọmọ ajá Labrador 48 ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín wọn ní méjì méjì, wọ́n sì ń fún ọ̀kan ní oúnjẹ tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ẹnìkejì rẹ̀, títí wọ́n fi kú. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, ààrin ọjọ́ orí àwọn tó jẹun díẹ̀ jẹ́ ọdún 13, ti àwọn yòókù jẹ́ 11.2. Aromọléegun, ìyẹn àrùn oríkèé, sì pẹ́ kó tó mú àwọn tó jẹun díẹ̀. Kódà ajá tó ti sanra, tó ti ń tiro, bó bá fọn tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ìtiro rẹ̀ ń dínkù.

Ọmọ Ọdẹ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ ǹlẹ́ sà. Ilé ọdẹ ni mo dàgbà sí, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Orí ẹja ni bàbá mi máa ń sè fún ajá tó bá ti dàgbà, á tẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbé e sílẹ̀. Ṣáwá lèmi ń lò fún tèmi: ẹ bọ̀ ọ́ lásán, kò gbọdọ̀ níyọ̀, kò gbọdọ̀ láta, àlùbọ́sà pàápàá ò dára fún wọn. Ẹ yọ egungun rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa yàgbẹ́ gbuuru.

Ẹ sì wo ibi tó ń sùn. Òtútù òkè wa yìí kì í jẹ́ kí oríkèé arúgbó sinmi. Bó bá jẹ́ táìsì lẹ tẹ́ sílé, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ajá mi ò kọ̀ láti dìde, yíyọ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ìyá Ìjerò

Èmi ra glucosamine èèyàn fún ajá mi, ó sì ń sáré báyìí o. Ẹ má sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Dókítà Ẹran Adó

Inú mi dùn sí i, Mọ̀mọ́. Kì í sábà pa wọ́n lára. Ẹ ṣáà ka ara ike rẹ̀: bẹ́ ẹ bá rí xylitol níbẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń mú nǹkan dùn dípò ṣúgà, ẹ má fún un mọ́ lónìí yìí, májèlé ni fún ajá.

Tíṣà Ìkéré

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ní kí n jábọ̀. Mo mú Bíńgò lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó tẹ ìbàdí rẹ̀ wò, ó ní aromọléegun ni lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ra kòkó gbé e lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò. Kílò 34! Dókítà ní 28 ló yẹ kó jẹ́.

Ojú tì mí níwájú ajá náà. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń fi bọ́ ọ. Mo ti gé iyán kúrò pátápátá, oúnjẹ ajá tí kò wọ́n ló ń jẹ, mo ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ṣáwá díẹ̀. Mi ò ra àpò glucosamine. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le: bó bá gbọ́ odó, á wá jókòó, á máa wò mí lójú. Mo wá ń bá a rìn dé ìdí igi máńgòrò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gúnyán, kó lè rí nǹkan mìíràn ṣe.

Kílò 32 ni lánàá. Ó ṣì máa ń tiro láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ló ń yí àgbàlá ká báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń tọjà bọ̀, mo rí i tó dúró lẹ́nu géètì.