Àbọ̀ lórí bátìrì alùpùpù mi: ó ti yanjú

Mo bèèrè lóṣù tó kọjá ìdí tí bátìrì alùpùpù mi fi ń kú láti ìgbà tí mo ti so aláàmù àti tracker (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí alùpùpù wà hàn) mọ́ ọn. Ẹni tó ní kí n wọn iná tí wọ́n ń fà ló gbà á! Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tú wáyà òdì bátìrì, mo fi mítà sáàárín. Tracker nìkan ń fa 40 mA (mílíámpíà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 Ah (ámpíà-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà pamọ́) lóòjọ́, 7 Ah péré sì ni bátìrì mi. Mo tò ó kó máa sùn títí nǹkan yóò fi mì ín. Ó wálẹ̀ sí 4 mA. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, títẹ̀ kan ló ń ṣíná.

Aláàmù tí mo dín etí rẹ̀ kù kì í ké nítorí òjò mọ́, àmọ́ ọkọ̀ ńlá ṣì ń jí i. Tracker kì í rí sátẹ́láìtì nínú gáréèjì abẹ́ ilé, nítorí náà mo ṣì ń fi ṣéènì so alùpùpù mọ́ òpó. Ẹ ṣé gan-an.