Rọ́ṣíà títí dé abúlé Estonia: ẹ kó ìbéèrè yín síbí

Màmá Ìbejì, Manchester
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń bi mí ní inbox nípa Rọ́ṣíà tí mo lọ tí mo sì gba Estonia bọ̀, ọwọ́ mi ò ká a mọ́, ẹ jẹ́ n kúkú tú u síbí. Owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Láti March 2022 ni Visa àti Mastercard tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè ò ti ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà mọ́, ATM ò ní dá yín lóhùn, ṣọ́ọ̀bù ò ní gbà á, Mir ni káàdì tiwọn. Owó ọwọ́ lẹ máa gbé dání, dọ́là tàbí yúrò tó mọ́, tí ò ya, tí wọn ò fi báírò kọ nǹkan sí lára, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀ ní báǹkì, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó bá ń pè yín ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ pín in káàkiri ara, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sí pọ́ọ̀sì kan. Bébà pélébé tí wọ́n máa fi sínú pasipọ́ọ̀tù yín tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ má jẹ́ kó sọnù, wọ́n á bèèrè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń jáde. Tó bá jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì lẹ sùn, àwọn ló máa fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àmọ́ tó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ ni, onílé ló máa lọ ṣe é láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7, ẹ rán an létí dáadáa torí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn kó máa lọ tò ní ọ́fíìsì ìjọba.

Rélùwéè wọn wá ni mo fẹ́ràn jù. Platzkart ni ti olówó pọ́ọ́kú, kóòṣì gbọọrọ tí ò ní ilẹ̀kùn láàárín, bẹ́ẹ̀dì 54 ló wà nínú ẹ̀, kupe ni ti yàrá onílẹ̀kùn èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin. Obìnrin tàbí ọkùnrin kan máa ń wà tó ń bójú tó kóòṣì kọ̀ọ̀kan, provodnitsa ni wọ́n ń pe obìnrin, òun gan-an ni ìjọba ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gun ọkọ̀ á gba pasipọ́ọ̀tù, á fi wé tíkẹ́ẹ̀tì létà-létà. Tèmi tó jẹ́ Olúwa-kiní-kan-kiní-kan, ó kà á, ó wo ojú mi, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń mí kanlẹ̀ nínú òtútù. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní kántà (íntánẹ́ẹ̀tì ò ní gba káàdì yín), ẹ rí i pé bí orúkọ ṣe wà nínú pasipọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó Àkúrẹ́, Houston
Mọ̀mí ẹ kú ìrìnàjò o. Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ọjọ́ méjì mẹ́ta nínú ọkọ̀ lẹ ní búrẹ́dì nìkan lẹ jẹ ni?

Màmá Ìbejì, Manchester
Búrẹ́dì kẹ̀ 😂 Ní ìpẹ̀kun kóòṣì kọ̀ọ̀kan, ìkòkò irin ńlá kan wà níbẹ̀ tí omi gbígbóná ò kí ń tán nínú ẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn làwọn ará ibẹ̀ fi ń po tíì àti indomie tiwọn. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Mo gbé gàrí dání, mo gbé ata díndín sínú ike tó ní ìdérí. Mo bu omi, mo da gàrí sí i, mo bò ó, mo fi ṣíbí rò ó lórí tábìlì kékeré yẹn. Ìyá àgbà kan tó ń lọ sí Perm tó jókòó kọjú sí mi ò mójú kúrò lára mi, nígbà tó yá ó ní kí n bù fóun, ó gé e, ó tẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìka méjì, ló bá fi kúkúńbà oníyọ̀ tó gbé láti ilé jẹ ẹ́. Ata ni ò gbà. Ó gé ẹran oníyọ̀ tiẹ̀ fún mi, mo jẹ ẹ́, ó dáa.

Ẹ gbé sílípáàsì dání, gbogbo wọn ló ń wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kóòṣì, ó máa sọ fún yín ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ máa lò ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí nínú àwọn kóòṣì àtijọ́ wọ́n máa ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀, wọn ò sì ní ṣí i títí tẹ́ ẹ máa fi jáde ní ìlú. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá dá, ẹ gbọ́ o. Láti 2018 aago ìlú tẹ́ ẹ bá wà ló máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, tẹ́lẹ̀ aago Moscow ni wọ́n ń kọ sí gbogbo ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ Vladivostok lẹ wà, ibi tó jìnnà sí Moscow ní kìlómítà 9,289 lójú irin.

Ará Leeds
Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ìjọba UK ní ká má lọ Rọ́ṣíà rárá. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Inṣọ́ránsì ńkọ́?

Màmá Ìbejì, Manchester
Òótọ́ lo sọ àbúrò. Inṣọ́ránsì tí mo ní níbí ò bo ibẹ̀, ìwé wọn sọ ọ́ kedere, mo ní láti ra ti Rọ́ṣíà. Facebook àti Instagram náà, wọ́n ti dí i pa láti 2022, ẹ sọ fún àwọn ará ilé kẹ́ ẹ tó lọ kí wọ́n má rò pé ẹ ti kú. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ o, ẹni tó bá ń lọ ni mò ń sọ fún. Èmi náà ò ní mú ọmọ lọ báyìí.

Alàgbà, Moscow 1983
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ọmọ mi. Èmi ka ìwé ní yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Patrice Lumumba sọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, wọ́n yọ orúkọ náà kúrò ní 1992, wọ́n wá dá a padà ní 2023. Nígbà tiwa stipend, owó tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́, ń dé, àmọ́ o ò lè jáde kúrò ní ìlú tó o wà láìgba ìwé àṣẹ. Estonia ṣì wà lábẹ́ Soviet nígbà yẹn, wọn ò sì jẹ́ kí àjòjì sùn ní ìlú Tartu níbẹ̀ torí pápá ọkọ̀ òfurufú ológun tó wà ní Raadi. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ tàn lọ síbẹ̀ báyìí. Ní 2024 ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press kọ ọ́ síta pé àwọn ọmọge láti Áfíríkà tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti iṣẹ́ oúnjẹ tàn lọ sí Tatarstan ní Rọ́ṣíà, ibi tí wọ́n ti ń to drone ogun ni wọ́n kó wọn sí. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé tí a kọ ní èdè tí kò lè kà. Bí wọ́n bá ní àwọn á sanwó ọkọ̀ òfurufú fún ọmọ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọ náà máa ṣe gan-an, kí wọ́n sì fi àdírẹ́sì hàn yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tartu
Bàbá ẹ kú ọgbọ́n sà. Pápá Raadi tẹ́ ẹ sọ yẹn, orí ẹ̀ ni wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù ńlá orílẹ̀-èdè Estonia sí, wọ́n ṣí i ní 2016, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti hóstẹ́ẹ̀lì mi.

Mọ̀mí, ẹ bá mi sọ ti bọ́dà Narva tó wà láàárín Estonia àti Rọ́ṣíà, àwọn èèyàn máa ń rò pé bọ́ọ̀sì á kàn gbé wọn kọjá.

Màmá Ìbejì, Manchester
Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níbẹ̀ mọ́, láti February 2024 ẹsẹ̀ nìkan. Bọ́ọ̀sì á já yín sílẹ̀ ní Ivangorod lápá Rọ́ṣíà, ẹ̀yin àti ẹrù yín á rìn kọjá lórí afárá, ilé ìṣọ́ àtijọ́ méjì á máa wo ara wọn láti etí odò méjèèjì, ó rẹwà àmọ́ ta ló ráyè wò ó. Ìta gbangba la tò sí, nínú atẹ́gùn, ọ̀pọ̀ wákàtí, kò síbi ìjókòó, àwọn ìyá àgbà pẹ̀lú ẹrù wọn. Ẹ wọ aṣọ méjì mẹ́ta lé ara wọn, ẹ lọ tọ̀ kẹ́ ẹ tó dúró sí ìlà. Báàgì tó ní táyà lẹ máa gbé. Láti May 2024 Estonia ń tì í láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, ẹ má dé ìrọ̀lẹ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù Estonia tú gbogbo ẹrù mi. Ẹran àti wàrà àti wàràkàṣì ò gbọdọ̀ wọ EU láti ìta, torí náà pọ̀nmọ́ àti súyà, ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́hùn-ún. Ẹja ni wọ́n gbà, tó bá ti wà láàárín kílò 20. Gàrí mi kọjá, òṣìṣẹ́ náà gbọ́ òórùn ẹ̀, ó dé e padà.

Ìyàwó Àkúrẹ́, Houston
Abúlé wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń tẹjú mọ́ dúdú?

Màmá Ìbejì, Manchester
Rọ́ṣíà, wọ́n á wò ẹ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jọ ya fọ́tò. Abúlé Estonia, wọ́n á wò ẹ́ lẹ́ẹ̀kan wọ́n á yíjú, ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ẹ kí wọn "tere", wọ́n á dáhùn, ó tán, kò sí ẹ-kú-ilé-ẹ-kú-iṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n etí adágún Peipsi yàtọ̀. Kolkja, Kasepää, Varnja, ìran àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ tó sá kúrò ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn tí Pátíríákì Nikon, olórí ìjọ Rọ́ṣíà, yí ìlànà ìjọsìn padà láàárín ọdún 1650 sí 1660 ló wà níbẹ̀, ìka méjì ni wọ́n ṣì fi ń ṣe àmì àgbélébùú. Àlùbọ́sà ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á di í ní jọ̀jọ̀ bí irun dídì, wọ́n á so ó kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ ilé àdúrà wọn, obìnrin á wé gèlè tàbí dá nǹkan borí, ẹ sì bèèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni Obinitsa, ní ilẹ̀ àwọn Seto (ẹ̀yà kékeré kan ní Estonia), August 19. Lẹ́yìn ìsìn ìjọ, mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan lọ sídìí ibojì tiwọn, wọ́n tẹ́ aṣọ oníṣẹ́ ọnà lé e lórí, wọ́n gbé ẹyin, wàràkàṣì, ẹja àti vodka sí i, wọ́n sì jókòó jẹun pẹ̀lú òkú wọn. Ìyá kan tó gbé bùrọ́ọ̀ṣì fàdákà ràgàjì sáyà ní kí n wá jókòó. Mo jẹ ẹyin. Ẹnikẹ́ni ò ṣọ̀fọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ má dé lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì máa ya fọ́tò ká àárín ibojì kiri.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tartu
Ẹni tó bá ń bọ̀, ẹ kọ èyí sílẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú, òfin ni kẹ́ ẹ so nǹkan kékeré tó ń kọ mànà nínú iná mọ́tò mọ́ aṣọ, helkur ni wọ́n ń pè é, ó wà ní gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì, ojú ọ̀nà abúlé ò ní iná, awakọ̀ ò ní rí yín, pàápàá àwa táwọ̀ wa dúdú tí a tún wọ kóòtù dúdú. Bọ́ọ̀sì ìgbèríko lè má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́, ọjọ́ Sunday lè má sí rárá, ẹ wo àkókò ọkọ̀ lórí ìkànnì peatus.ee ti àlọ àti àbọ̀. Ẹ lè wọ igbó ká èso àti olú láìgbàṣẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí pátákó ERAMAA (ilẹ̀ onílẹ̀) tàbí ọgbà, ẹ yà kúrò. Ìgbà ooru, eégbọn inú koríko lè fa àìsàn tó ń mú ọpọlọ wú, abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó wá, kẹ́ ẹ sì yẹ ẹ̀yìn orúnkún wò lálẹ́. Ọ̀nà Saatse tó gba inú ilẹ̀ Rọ́ṣíà kọjá fún bíi kìlómítà kan, wọ́n ti tì í láti October 2025, tí GPS bá ní kẹ́ ẹ gba ibẹ̀ ẹ má dá a lóhùn.

Ará Leeds
Ṣé òótọ́ ni pé ìhòòhò ni wọ́n ń wọ sauna, yàrá ooru wọn yẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tartu
Bẹ́ẹ̀ ni bọ̀dá, ṣùgbọ́n ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, àfi tó bá jẹ́ ẹbí. Ti agbègbè Võromaa ní gúúsù Estonia tó jẹ́ onéèéfín ò ní ihò èéfín, wọ́n á dá iná sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á jẹ́ kí èéfín jáde ká tó wọlé. Ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri o, dúdú èédú ni gbogbo ẹ̀, ẹ má sì gbé táwẹ́ẹ̀lì funfun wá.

Ìyàwó Àkúrẹ́, Houston
Èmi ò lè bọ́ra láàárín èèyàn láéláé. Mọ̀mí, gàrí Ìjẹ̀bú ni tàbí pupa lẹ gbé lọ?

Màmá Ìbejì, Manchester
Pupa. Ìjẹ̀bú yẹn kan jù, àwọn ará kóòṣì á fi mí sùn.