Ẹ gbà mí o, ìwé tí mo fi tọrẹ ti dìjà sílẹ̀

Àńtí Bọ́sẹ̀: Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Inú mi bàjẹ́. Mo ra The Secret Lives of Baba Segi's Wives tí Lola Shoneyin kọ fún ìyàwó àbúrò mi. Látìgbà náà, kò gbé fóònù mi mọ́. Àbúrò mi dá ìwé náà padà, ọlọ́dẹ ló gbé e fún, kò tilẹ̀ wọlé. Àbúrò tí mo pọ̀n sẹ́yìn! Ìwé tuntun ni o, mo sì wé e dáadáa. Nínú àwọn ìwé ìtàn ayé òde òní tí mo ti kà, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó o. Ìbàdàn wa gan-an ni. Àwọn ìyàwó náà ń fẹnu ara wọn sọ tiwọn. Ẹni tí ẹ ti bínú sí, ẹ óò gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ óò káàánú rẹ̀. Kí ni mo ṣe wọ́n?

Àdùkẹ́ Mọ́kọlá: Ìwé olórogún fún ìyàwó ilé? Ó máa rò pé ẹ fẹ́ fẹ́yàwó lé òun ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ báyìí, àfi bí mo ṣe rí ìyàwó tuntun lọ́dún Iléyá.

Baba Ìbejì: Èmi ò fẹ́ràn ìwé yẹn. Ó ba olóbìnrin púpọ̀ lórúkọ jẹ́. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́, àwo kan náà la ti jẹun.

Àdùkẹ́ Mọ́kọlá: Ẹ̀yin ọmọ lẹ jẹun papọ̀, Bàbá. Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ fi Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó jáde ní 2017, Iléṣà ló ti ṣẹlẹ̀. Yéjídé onídìrí yẹn pa mí lẹ́kún.

Màmá Tọ́lá: Àńtí, ìgbà wo lẹ fún un? Ṣé ó ti bímọ?

Àńtí Bọ́sẹ̀: Owó ìwé kì í ṣe kékeré lásìkò yìí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá Tọ́lá: Ẹ dá mi lóhùn.

Àńtí Bọ́sẹ̀: Ọjọ́ ìkómọ ni. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wojú Olúwa, gbogbo wa la gbààwẹ̀ sí i. Àwọn yòókù gbé aṣọ ọmọ wá, mo ní kí n mú ohun tí yóò máa kà bó bá ń fọ́mọ lọ́mú.

Màmá Tọ́lá: Yéè! Ìwé tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ọkọ ò lè bímọ, tí gbogbo ọmọ inú ilé kì í ṣe tiẹ̀! Lọ́jọ́ ìkómọ! Ẹ má gbọ́ ti Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà o. Ẹni tó bá ka Stay With Me parí mọ ohun tí Dọ̀tun, àbúrò ọkọ Yéjídé, ṣe nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń kà á lọ́wọ́!

Àńtí Bọ́sẹ̀: Ìtàn ni mo fún un, n kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà jọ bàbá wa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ròyìn ìwé náà fún màmá wa, wọ́n wá ń bi mí pé kí ni mo mọ̀ tí n kò sọ.

Màmá Tọ́lá: Ẹ kọ́kọ́ lọ bá màmá lálẹ́ òní. Tí àbúrò yín àti ìyàwó rẹ̀ bá débẹ̀ ṣáájú yín, ọ̀rọ̀ ti di ti mọ̀lẹ́bí nìyẹn.