Ẹ bá mi wo àkọsílẹ̀ ìwọlé ímeèlì mi, ta ló ń wọlé lóru?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi Google Takeout, irinṣẹ́ Google tí a fi ń gba dátà ẹni, gba fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń wọ àkáǹtì Gmail mi. Ìlà rẹpẹtẹ ni mo bá níbẹ̀! Àwọn kan wà ní aago tí mo ti sùn lọ. Mo wá àdírẹ́sì IP kan (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì), ìlú tí mi ò dé rí ló gbé jáde. “Mozilla/5.0” tún wà lójú gbogbo ìlà, bẹ́ẹ̀ Chrome ni mò ń lò. Ṣé wọ́n ti gba àkáǹtì mi ni?

Èsì 1: Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ṣé ẹ rí UTC lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago yẹn? Aago àjùmọ̀lò àgbáyé ni, kì í ṣe aago ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ṣírò wákàtí tó wà láàárín méjèèjì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Ti Mozilla kò tó nǹkan: Chrome, Safari, Edge, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ ṣáájú, láti ayé Netscape, búráúsà àtijọ́ kan, ló ti wà. Ẹ ka ìlà náà síwájú, ẹ ó rí “Windows NT”, “Android” tàbí “iPhone”. Ìyẹn ló wúlò, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọlé ló ń sọ.

Èsì 2: Èmi ò ní gbára lé ìlú yẹn rárá. Ibi tí ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ti já síta ni IP sábà máa ń sọ, kì í ṣe orí àga tí ẹ jókòó lé. Lórí dátà fóònù, ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ máa pín àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ká má tíì sọ ti VPN, tó máa ń gbé IP ibòmíràn jáde.

Èsì 3: Ẹ má kàn máa tù ú nínú o. Ẹ ṣí Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ tẹ “Details”. Ṣé IMAP tàbí POP3 wà níbẹ̀? Ọ̀nà tí áàpù ímeèlì mìíràn ń gbà fa lẹ́tà láti Gmail nìyẹn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣírò aago, ìrọ̀lẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, èmi ni mo wọlé. Àmọ́ IMAP kan wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n.

Èsì 1: Àwọn áàpù ímeèlì kan lórí fóònù ń lo IMAP, wọ́n sì lè máa yẹ àpótí wò nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn. Ṣé ẹ ò fi àkáǹtì náà sórí fóònù àtijọ́ kankan?

Olùbéèrè: Rárá o. Búráúsà nìkan ni mò ń lò.

Èsì 3: Ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn. Ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ò mọ̀ jáde, kí ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ onígbésẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti ṣètò kí lẹ́tà yín máa lọ sí àdírẹ́sì tirẹ̀, yíyí páásíwọ́ọ̀dù padà kò ní dá a dúró. Ẹ wọ “Settings”, kí ẹ wo “Forwarding and POP/IMAP”, lẹ́yìn náà ẹ wo “Filters” (àṣẹ tó ń darí lẹ́tà fúnra rẹ̀) láti òkè délẹ̀. Èyí tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́.