Ẹ wá sọ ìrírí yín pẹ̀lú àwo gìtá Hawaii àtijọ́ (tèmi ṣì ń dùn mí o)

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Iṣẹ́ sójà ló gbé mi dé Hawaii, erékùṣù Oahu, Schofield Barracks, mi ò sì mọ nǹkankan nípa orin wọn nígbà yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan, tí wọ́n wá ń fi irin fa okùn ẹ̀ yìí, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé kì í ṣe Sunny Adé nìyí? Àṣé gìtá tó máa ń ké fíooo nínú jùjú KSA, èyí tí Demola Adepoju ń ta, ibí ni ìdílé ẹ̀ ti wá, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi pẹ́dàlì sí i. Joseph Kekuku tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọmọ Laie ni, orí erékùṣù yìí kan náà, ọmọ ilé ìwé ni nígbà náà, kó tó di 1890. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé bọ́ọ̀tì ojú irin rélùwéè ló he tó fi fa okùn gìtá ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé orin yẹn dé ìpàtẹ ńlá San Francisco ní 1915, gbogbo Amẹ́ríkà ló ya wèrè sí i.

Báyìí, ìtàn mi. Màmá kan wà ládùúgbò wa, ó ti lé ní 80, Auntie la ń pè é (níbí, gbogbo àgbà ni Auntie àti Uncle, bíi tiwa náà ni, o ò gbọdọ̀ pe àgbà lórúkọ gbàgà). Bàbá ẹ̀ máa ń ta gìtá yìí nílé, ó sì ní àwo kan tó fi ẹ̀rọ gé orin ẹ̀ sí fúnra ẹ̀. Kì í ṣe àwo ọjà o, alumíníọ́mù ni wọ́n fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní lacquer kùn lójú, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà láyé. Ọ̀dà yẹn ti ń ṣí létí bí ìpẹ́ ẹja nígbà tí Auntie gbé e fún mi pé kí n bá òun gbé e sínú fóònù.

Mo ṣe é dáadáa ní tèmi. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì fò, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Ariwo wà nínú ẹ̀ o, ṣíìì ṣíìì bí ìgbà téèyàn ń dín àkàrà. Èmi wá ní kí n ṣe oore àṣejù, mo fi software nù ún, mo nù ún, mo tún un nù, títí gìtá fi mọ́ tónítóní. Fáìlì àkọ́kọ́ tóbi, mo pa á rẹ́ kí àyè lè wà nínú kọ̀ǹpútà, mo fún màmá ní MP3.

Auntie gbọ́ ọ tán, ó ní, "Òjò dà?" Mo ní òjò wo, mà? Ó ní alẹ́ ọjọ́ tí bàbá òun gé àwo yẹn, òjò ń rọ̀ sórí páànù ilé àwọn ní Wahiawa, ilé àwọn òṣìṣẹ́ oko ọ̀pẹ òyìnbó, wọ́n sì máa ń gbọ́ òjò náà nínú àwo, ìyá òun a ní ẹ dákẹ́ ẹ gbọ́ òjò wa. Àṣé ṣíìì tí mo nù dànù yẹn, òjò wà nínú ẹ̀. Mo sáré padà sídìí àwo, ọ̀dà ti ṣí kúrò lójú ẹ̀ tó ìbú ìka méjì, abẹ́rẹ́ ò ríbi gbà mọ́.

Tiyín ńkọ́?

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ṣì ní ohùn gìtá lọ́wọ́, èmi ọwọ́ ara mi ni mo fi pa tèmi. London ni mo wà, mo rí páálí àwo 78 kan (àwo àtijọ́ tí wọ́n ní ó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) ní charity shop ní Peckham, ti ẹgbẹ́ olórin Felix Mendelssohn and his Hawaiian Serenaders ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Hawaiian yẹn tàn yín, ìlú ọba níbí ló ti ń ṣeré ẹ̀, láyé ogun Hitler. Àwọn àwo yẹn dọ̀tí kọjá àfẹnusọ. Ẹ sì mọ̀ pé nílé wa, spírítì ni bàbá mi fi ń nu orí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, spírítì ni wọ́n fi ń nu gbogbo nǹkan, mo bá da spírítì sí òwú, mo nù ún yípo. Òwú dúdú kirikiri, inú mi ń dùn pé ìdọ̀tí ń jáde. Kì í ṣe ìdọ̀tí o jàre, àwo fúnra ẹ̀ ló ń jáde! Shellac ni wọ́n fi ṣe àwo 78, oje kòkòrò kan báyìí ni, spírítì a sì máa yọ́ ọ bí omi gbígbóná ṣe ń yọ́ ṣúgà. Àwo mẹ́ta ni mo fọ̀ kí n tó gbọ́n. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ ni, kó má kan bébà àárín ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè nù ún gbẹ.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má fi abẹ́rẹ́ LP (àwo tó dé lẹ́yìn 78) gbọ́ 78 o. Ó tín-ínrín jù, ìsàlẹ̀ kòtò níbi tí eruku kó sí ló máa ń jìn sí, ariwo ẹ̀ á wá pọ̀, ẹ̀ẹ́ ní àwo ò dára.

* * *

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìbàdàn lèmi wà, mi ò ní àwo kankan, fáìlì tí ẹ ń pín ni mo fi ń kọ́ṣẹ́. Káfíńtà ló bá mi gbẹ́ gìtá mi, okùn mẹ́fà, mo fi tuning A sí i (téèyàn bá ta okùn lásán, kọ́ọ̀dù A ló máa dún) bí àwọn àgbà Hawaii ṣe máa ń ṣe. Ìrírí tèmi ni ti àwo Frank Ferera àti Helen Louise ìyàwó ẹ̀, àwọn tó ń ta gìtá Hawaii láyé àtijọ́ (ìyàwó yẹn dàwátì lórí ọkọ̀ ojú omi ní December 1919, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́, torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ mọ̀ pé kó tó dìgbà yẹn ni, ẹnu fèrè gbàgbà tó ń gba ohùn sínú àwo ni wọ́n jókòó sí, wọn ò tíì máa fi máíkì gba orin sínú àwo). Mo ní kí n ta tèmi tẹ̀lé tiwọn, kò bára mu. Mo fa okùn sókè, ó kọjá. Mo dẹ̀ ẹ́, kò dé ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé etí mi ló bàjẹ́, okùn kan já mọ́ mi lọ́wọ́ pàápàá.

Ìgbà tí mo bi ẹni tó pín fáìlì yẹn ló tó yé mi. Àwo tí wọ́n ń pè ní 78 yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń yí ní 78, pàápàá ti àtijọ́, òmíràn 76, òmíràn 80. Ó kàn fi gbogbo ẹ̀ sí 78 ni. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín nǹkan, ẹ kọ eré tẹ́ ẹ fi yí i sí i, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò bébà àárín àwo mọ́ ọn, ká mọ nọ́ńbà ẹ̀. Fáìlì tó ń jẹ́ "track 07 new new final" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń fi jingle sáàárín orin ẹni ẹlẹ́ni, "ẹ pè mí lórí nọ́ńbà yìí", mo ń fi yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Hawaii, ṣé ẹ dá a lójú pé ẹ ò fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni kẹ́ ẹ tó nù ún? Ẹ wo WhatsApp yín dáadáa.

* * *

Houston rèé. Èmi téèpù ni, ẹnìkan gba ètò orin tó ń jẹ́ Hawaii Calls sílẹ̀ lórí rédíò, ó fún mi. Ó ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ó ń ké bí ẹran. Wọ́n ní kí n yan án, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Òótọ́ ni o! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso ni mo lò, bíi 54°C, wákàtí mẹ́jọ, ó gbọ́ geere. Ṣùgbọ́n irú téèpù tó ń lẹ̀ báyìí nìkan ni o, bíi ti àwọn ọdún 1970, èyí tó jẹ́ acetate (oríṣi téèpù tó ti pẹ́ jù ú lọ), ẹ má dán an wò.

Ọ̀rọ̀ òjò yẹn wá bá mi nínú jẹ́ torí Hawaii Calls yìí, 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní hótẹ́ẹ̀lì Moana ní Waikiki, nígbà ayé ètò náà, wọ́n máa ń dìídì gbé máíkì lọ sétí òkun kí aráyé lè gbọ́ ìgbì. Ariwo táwọn kan ń wá kiri rèé.

* * *

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyí. Àbúrò mi ará Ìbàdàn, Ọlọ́run á bù kún ẹ.

Mo wo WhatsApp tèmi, kò sí níbẹ̀, mo ti pààrọ̀ fóònù. Mo bá pe màámi l'Abẹ́òkúta, ẹni tí kì í pa nǹkankan rẹ́, fóònù yẹn ti kún débi pé kò lè ya fọ́tò mọ́, à ń bá a jà lórí ẹ̀ lójoojúmọ́. Ó wà níbẹ̀. Voice note ni, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àwo yẹn sórí ẹ̀rọ, mo gbé fóònù sẹ́nu sípíkà, ìṣẹ́jú àáyá 52. Èmi náà ti fi jingle tèmi sí i, ohùn mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: "Màámi, ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń gbọ́ níbí." Lẹ́yìn náà gìtá, òjò sì ń rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó ń rọ̀ gidi gan-an, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé òjò ni, ẹ ò ní lè pè é ní ariwo mọ́.

Mo gbé e lọ fún Auntie ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n tún un gbé sí i. Ó bi mí ohun tí mo ń sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, mo túmọ̀ ẹ̀ fún un, mo ní màá gé e kúrò. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣe kópì mẹ́rin, ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ màámi. Auntie ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó gbà á, ẹ sáà sọ kí n fi ránṣẹ́. Mi ò nù ún o.