Agbádá wọlé, bàtà dúró síta: ohun tójú wa rí níbi oúnjẹ alẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi

Alágbàdá Croydon

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá rí sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ìgbéyàwó èmi àti ìyàwó mi pé ọdún 25, àwọn ọmọ wa dáwó jọ, wọ́n ní ká lọ ṣe fàájì lórí omi. Southampton la ti wọkọ̀, alẹ́ 7, a dé Bergen àti Geiranger ní Norway. Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ òkè àti omi tó ń ṣàn láti orí àpáta, kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi dé ibí. Nínú alẹ́ 7 yẹn, alẹ́ 2 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìmúra gidi. Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń fi sí yàrá wa lálaalẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: kóòtù dúdú pẹ̀lú táì, tàbí aṣọ ìbílẹ̀ ẹni. Mo ka "aṣọ ìbílẹ̀ ẹni" lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó parí, èmi gan-an lẹ ń pè.

Gúìnì aláwọ̀ aró ni mo wọ̀, agbádá tí iṣẹ́ àyà rẹ̀ nípọn bí ẹní, fìlà aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Mo wá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà páàmù mi, aláwọ dúdú, èyí tí wọ́n bá mi rán ní Mushin. Òun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo sin bàbá mi. Òun ni mo máa ń wọ̀ lọ gbogbo òde tó bá nítumọ̀.

Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ ńlá kí wa, ó yin aṣọ, ó rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀. Gìgísẹ̀ mi ló rí. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a kì í gba sílípáàsì wọlé lálẹ́ òní." Sílípáàsì! Bàtà tí owó rẹ̀ tó kóòtù tó wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi ti gbá mi lápá mú, torí ó mọ ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi. A padà sí yàrá. Bàtà méjì péré ni mo gbé dání: páàmù yẹn, àti kánfáàsì funfun tí mo fi ń rìn yí ọkọ̀ ká láàárọ̀. Kánfáàsì yẹn ni mo wọ̀ sábẹ́ agbádá. Mo padà débẹ̀, ọmọkùnrin náà wo gìgísẹ̀ mi, ó rí i pé ó bò, ó sì ṣí ọ̀nà fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Kánfáàsì tó ti dọ̀tí wọlé, páàmù ò wọlé. Ìyẹn ló ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Tiwa, Galveston la ti gbéra, à ń lọ sí Cozumel ní Mexico. Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, a mú wọn dání. Ẹni tó bá ti lọ rí mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti fa àpótí lé àwọn alágbàárù lọ́wọ́ ní èbúté, ó di ìgbà tí wọ́n bá gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín kẹ́ ẹ tó tún fojú kàn án, ó sì lè di alẹ́. Ìdí tí wọn kì í sábà fi alẹ́ ìmúra sí ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn. Gbogbo bàtà màmá wà nínú àpótí. Bàálù ti mú kí ẹsẹ̀ wọn wú, sílípáàsì rọ́bà ló wà níbẹ̀, irú èyí tá a fi ń wọ balùwẹ̀, pẹ̀lú ìró àti bùbá ànkárá.

Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ ńlá ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́, mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Bá mi bi í, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀ ni?"

N ò túmọ̀ ìyẹn o.

A gòkè lọ síbi tí oníkálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Màmá bu ìrẹsì àti adìyẹ, wọ́n yọ ìgò ata gbígbẹ kékeré kan nínú báàgì wọn, wọ́n gbọ̀n ọ́n sí i, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá. Àpótí dé lóru. Ṣùgbọ́n títí a fi sọ̀ kalẹ̀, màmá ò dé yàrá oúnjẹ ńlá yẹn mọ́. Wọ́n ní àwọn kì í padà síbi tí wọ́n bá ti dá àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Agbáwo Tẹ́lẹ̀

Mo ti ṣiṣẹ́ agbáwo nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún ọmọkùnrin yẹn. Òun kọ́ ló ṣòfin. Wọ́n ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa wò, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì máa ń wò ó: aṣọ ìwẹ̀dò, síńgílẹ́ẹ̀tì lára ọkùnrin, sílípáàsì etíkun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kódà lálẹ́ tí kì í ṣe alẹ́ ìmúra, wọn ò ní gbà á wọ yàrá oúnjẹ ńlá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bàtà tó bá ti ṣí lẹ́yìn lẹ́sẹ̀ ọkùnrin, tí kò sí okùn tó di gìgísẹ̀ mú, sílípáàsì ni lójú wọn, ì báà jẹ́ awọ ọ̀nì ni wọ́n fi rán an. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ò rí páàmù rí ni. Obìnrin tó bá wọ bàtà tó ṣí níwájú, tó ṣí lẹ́yìn, tó sì ń dán, ẹnì kankan ò ní bi í ní nǹkan kan. N ò ní bá yín jiyàn pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn kì í sọ fún àlejò. Ọkọ̀ ń mì. Àwa ń gbé àwo gbígbóná kọjá láàárín yín, ife ń fọ́. Ojú mi ló ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan tí sílípáàsì yọ mọ́ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bá ìdí sọ̀ kalẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tú ife wáìnì sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé bákan náà ni gbogbo wọn. Nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Cunard, ìmúra máa ń bẹ̀rẹ̀ láti aago 6 ìrọ̀lẹ́, àwọn náà ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé aṣọ ìbílẹ̀ tó bá jẹ́ ti òde ńlá ṣe é wọ̀ lálẹ́ tó le jù lọ. Ilé iṣẹ́ Carnival ní alẹ́ ìmúra tiwọn tí wọ́n ń pè ní Cruise Elegant, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju ti Cunard lọ. Norwegian Cruise Line kì í fi dandan mú ẹnikẹ́ni wọ kóòtù. Torí náà, ká tó sanwó, ká ti ka tiwọn. Tí wọ́n bá sì dá yín dúró, ẹ má bá ọmọ ẹnu ọ̀nà fà á, ẹ ní kí wọ́n pe olórí àwọn agbáwo wá. Òun ló lè fojú fo nǹkan.

Bàbá Ìkẹjà

Ẹ má bínú sí mi. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó bá lọ sílé onílé, òfin ilé yẹn ni yóò tẹ̀ lé. Kóòtù ni mo máa ń gbé lọ ní tèmi, mo sì ń sùn dáadáa.

Ọmọ Mushin

Bàbá, ẹ káàsán sà. Tí agbádá bá délẹ̀, páàmù ni ìrínisí tiwa. Àwọn náà ló ní ká wọ aṣọ ìbílẹ̀. Ṣé aṣọ ìbílẹ̀ máa ń dúró sí ọrùn ẹsẹ̀ ni?

Onígèlè Leeds

Èmi ò ní ẹjọ́ bàtà, áyọ́ọ̀nù ni tèmi. Ọkọ mi ní gúìnì òun ò gbọdọ̀ hunjọ, mo bá ki áyọ́ọ̀nù kékeré sínú ẹrù. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo àpótí ní Southampton, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní tá a bá ń lọ sílé ká wá gbà á. Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù, mo sì gbà fún wọn. Àwọn ọkọ̀ kan ní yàrá ìfọṣọ tí áyọ́ọ̀nù wà, tiwa ò ní. Ẹ ṣáà mọ gúìnì tó ti wà nínú àpótí lọ́jọ́ mẹ́ta, bí ewé tí wọ́n tú kúrò lára mọ́ínmọ́ín ló rí. Mo gbé e kọ́ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi gbígbóná, mo tilẹ̀kùn, kí ooru lè nà án. Ooru nà án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yọ́ sítáàṣì ara rẹ̀. Agbádá tó yẹ kó dúró gangan wá wó lé ọkọ mi léjìká bí aṣọ ìbora. Aṣọ òkè ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ. Ẹ ká a, ẹ sùn lé e, ó máa dìde.

Bàtà gogoro sì rèé, ẹ̀yin obìnrin. Bay of Biscay là ń kọjá lọ sí Canary Islands lálẹ́ ìmúra àkọ́kọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń lọ sí ọ̀tún, ó ń lọ sí òsì. Mo bọ́ bàtà, mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo fi ìkejì di irin ara ògiri mú. Ṣe ni mo gbójú sókè, àwọn òyìnbó obìnrin mẹ́rin ni mo rí níwájú mi, aṣọ wọn ń wọ́lẹ̀, bàtà wọn wà lọ́wọ́. A ò bára wa sọ̀rọ̀. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa fara ti ògiri, a wọ bàtà, a sì wọlé bí ayaba.

Ará São Paulo

Tèmi ò pọ̀. Ọkọ̀ láti Santos lọ sí Salvador ní Brazil, wọ́n ní alẹ́ aṣọ funfun ni. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ni mo wọ̀, pẹ̀lú fìlà funfun. Ọjọ́ Ẹtì ni, Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, la sì wà, níbi tí wọ́n ti ń wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì nítorí Oxalá, ìyẹn Ọbàtálá tiwa. Ìyá arúgbó kan dúró níwájú mi, ó tẹríba díẹ̀, ó bi mí bóyá ọmọ Oxalá ni mí. Mo ní rárá mà, oúnjẹ ni mò ń lọ jẹ.

Lálẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni ìlàjì àwọn èèyàn fi jó. Kò sẹ́ni tó béèrè bàtà.

Alágbàdá Croydon

Ẹ ṣeun gan-an ni. Agbáwo Tẹ́lẹ̀, okùn tẹ́ ẹ sọ pé ó máa ń di gìgísẹ̀ mú yẹn ló ṣí mi lójú. Lánàá, mo gbé páàmù lọ bá oníbàtà kan ní Peckham, ọmọ Ìbàdàn ni. Mo ní kó bá mi rán awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn, kó ní ìdè kékeré tó ṣe é tú, kí n lè máa yọ ọ́ tí mo bá wà lóde tiwa. Ó wo bàtà, ó wò mí, ó ní òun ń bọ̀ wá tà á fún gbogbo ẹni tó bá ń wọkọ̀. Oṣù kejìlá la tún ń lọ.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi í bóyá ó lè ṣe é sí sílípáàsì rọ́bà. Màmá ní àwọn máa tẹ̀ lé wa lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bàtà yẹn náà ni àwọn máa wọ̀.