Ọkùnrin tí obìnrin kan kọ́ níṣẹ́ ń gba owó jù ú lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Houston ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Èmi àti obìnrin ọmọ Mẹ́síkò kan la jọ ń ṣe é, ó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin òyìnbó tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ gbàgbé ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun: dọ́là 19 ní wákàtí kan. Ti obìnrin náà, 15.50. Ó kàn ká ìwé náà, ó lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Mo ti mọ̀ pé obìnrin Hispanic (àwọn tí ìdílé wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, bíi Mẹ́síkò) kì í rí tó 60 sẹ́ńtì níbi tí ọkùnrin òyìnbó ti ń gba dọ́là kan, àmọ́ kò dà bíi kí n fojú ara mi rí i. Ó ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò sówó, kó má sì sọ̀rọ̀ owó mọ́ (bẹ́ẹ̀ National Labor Relations Act, òfin òṣìṣẹ́ ti 1935, gba òṣìṣẹ́ láyè láti sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́). Ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé.

Ó fẹ́ lo òfin Equal Pay Act ti 1963, èyí tó ní kí ọkùnrin àti obìnrin máa gba owó kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Ọdún méjì tí òfin yẹn fúnni láti pẹjọ́, ṣé láti ọjọ́ tí wọ́n gba ọkùnrin yẹn ni wọ́n ti ń kà á, àbí láti orí owó tó gbà kẹ́yìn? Ẹ̀rí wo ló sì yẹ kó ti kó jọ kó tó lọ sí EEOC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀sùn ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́?